Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìṣirò Wá Òjò Ọ̀la

Ta ni kò fẹ́ mọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀? Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá tó sá ẹ̀lùbọ́ sí orí àpáta fẹ́ mọ̀ ọ́n. Apẹja tó fẹ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sí òkun fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Bí àgbẹ̀ bá gbin irúgbìn rẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn á jóná, owó á sì ṣòfò. Bí apẹja bá pàdé ìjì lójú òkun, ẹ̀mí ló lè bá a lọ.

Láyé àwọn baba wa, ojú ọ̀run ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n ń wo ìkùukùu, wọ́n ń wo ẹyẹ, wọ́n ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí pé ẹni tó bá ti ń wo nǹkan fún ogójì ọdún á mọ ìṣe rẹ̀. Lónìí, a tún ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé, "Òjò àti àrá lè wà ní ọ̀sán ọ̀la." Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọn kò dá Ifá, wọn kò sì lá àlá. Ìṣirò ni wọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, tí ẹ sì ti mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, ẹ lè mọ bí ìṣirò náà ṣe rí. Ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsùlù, ká jọ ṣe é.

1. KÍ NI ÌṢIRÒ ÀFARAWÉ?

Àwọn ọmọdé máa ń fi yẹ̀pẹ̀ se oúnjẹ. Wọ́n á ja ewé sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á bù ú fún ara wọn. Oúnjẹ kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò wọ́n á mọ bí ìyá wọn ṣe ń dáná. Wọ́n ń fara wé ìyá wọn ni.

Ìṣirò náà lè fara wé nǹkan. A lè fi nọ́ńbà kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀. A lè kọ òfin tó ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó máa fi òfin yẹn yí nọ́ńbà náà padà, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí a ó fi mọ bí nǹkan náà yóò ṣe rí lọ́la. Ohun tí à ń pè ní ìṣirò àfarawé nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni ó ń fẹ́:

Èkíní: bí nǹkan ṣe wà nísinsìnyí.
Èkejì: òfin tó ń mú un yí padà.
Ẹ̀kẹta: ìwọ̀n àkókò tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ́, ìdáhùn á wọ́.

2. ÌKÒKÒ TÓ Ń JÒ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìkòkò amọ̀ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ife omi 100 ló gbà, ó sì kún. Ṣùgbọ́n ó sán díẹ̀ ní ìdí, omi ń jò. Ẹni tó bá ti ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bí omi bá kún, jíjò rẹ̀ á yára, torí pé omi òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀. Bí omi bá ti ń dín, jíjò náà á máa lọ́ra. Òfin tiwa nìyí: ní wákàtí kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá omi tó wà nínú ìkòkò ń jò dànù.

Ó wá di ìbéèrè: ife omi mélòó ni yóò kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá?

Ẹ jẹ́ ká mú un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Omi jẹ́ ife 100. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 10. Ó ku 90. Ní wákàtí kejì, ìdá kan nínú mẹ́wàá 90 jẹ́ 9. Ó ku 81. Ní wákàtí kẹta, ife 8 àti díẹ̀ ló jò. Ó ku nǹkan bíi 73. Bí a bá ń bá a lọ báyìí títí di ìgbà kẹwàá, nǹkan bí ife 35 ni yóò kù. Ẹ ṣe é fúnra yín, ẹ ó rí i.

Ẹ kíyè sí i pé a kò jókòó ti ìkòkò. Ohun tí ìkòkò fi wákàtí mẹ́wàá ṣe, a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe é lórí bébà. Èrè ìṣirò àfarawé nìyẹn: ó ń sáré ju ohun tó ń fara wé lọ. Bí kò bá sáré jù ú, kò wúlò. Kí ni a fẹ́ fi àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọ̀la ṣe, bí ìṣirò rẹ̀ kò bá tán títí di ọ̀túnla?

3. ÌṢÍSẸ̀ TÓ GÙN JÙ Ń ṢI NÍ LỌ́NÀ

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ní wákàtí kan, ife 10 ló jò. Ní wákàtí mẹ́wàá, ife 100 ni yóò jò. Ìkòkò á gbẹ. Ó tán!" Ìṣísẹ̀ kan péré ni onítọ̀hún gbé. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì í. Ó gbàgbé pé bí omi ti ń dín kù ni jíjò rẹ̀ náà ń dín kù. Bó bá gbé ìṣísẹ̀ ogún wákàtí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ife 200 á jò nínú ìkòkò tó gba ife 100! Ìkòkò á wá jẹ gbèsè omi. Ta ló rí irú rẹ̀ rí?

Ẹ wo iye ife omi tó kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, bí a bá lo oríṣiríṣi ìṣísẹ̀:

Ìṣísẹ̀ wákàtí 10 — ife 0
Ìṣísẹ̀ wákàtí 5 — ife 25
Ìṣísẹ̀ wákàtí 2 — ife 33
Ìṣísẹ̀ wákàtí 1 — ife 35
Ìṣísẹ̀ ìdajì wákàtí — ife 36

Bí ìṣísẹ̀ ti ń kúrú, ìdáhùn ń fara balẹ̀. Láti 0 sí 25, ó fò gan-an. Láti 35 sí 36, agbára káká ló fi sún. Bó ti wù kí ìṣísẹ̀ kúrú tó, ìdáhùn kò ní dé 37. Nítorí náà, a ti mọ ibi tí òtítọ́ òfin yìí wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń yẹ irú ìṣirò yìí wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sọ́kàn, nítorí pé a óò tún pàdé wọn níwájú.

Àyẹ̀wò kìíní: ẹ dín ìṣísẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe. Bí ìdáhùn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìṣísẹ̀ yẹn dára. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ìṣísẹ̀ ti gùn jù.

Àyẹ̀wò kejì: ẹ ṣe bí ìyá ọlọ́jà. Ní alẹ́, ó máa ń ka owó tó pa àti ọjà tó kù, kí ó lè mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ pé. Omi tó kù nínú ìkòkò àti omi tó jò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ife 100. Bí kò bá pé, a ti ṣi ìṣirò níbì kan.

Àyẹ̀wò kẹta ló ga jù: ẹ lọ wo ìkòkò. Ìṣirò lè gún régé lórí bébà, kí òfin tí a lò má sì bá ìkòkò mu. Bóyá sísán rẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Bóyá ewúrẹ́ wá mu nínú omi náà. Bí ohun tí a fojú rí kò bá bá ìṣirò mu, ìṣirò ni a óò tún ṣe. A kò lè bá ìkòkò jà.

4. LÁTI INÚ ÌKÒKÒ DÉ OJÚ Ọ̀RUN

Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká náà ní òfin. Afẹ́fẹ́ wúwo, ó sì ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ni a ó máa pe èyí. Níbi tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, afẹ́fẹ́ ń tì láti ibẹ̀ lọ síbi tí ó ti kéré. Yíyí tí ayé ń yí sì máa ń darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Oòrùn ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Èyí tó bá gbóná ń lọ sókè. Bó bá gòkè, ó ń tutù. Bí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá tutù, ìkùukùu á ṣú, òjò á rọ̀. Ní ọdún 1904, Vilhelm Bjerknes, ọ̀mọ̀wé ará Norway, sọ pé bí a bá mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà lónìí, tí a sì mọ òfin rẹ̀, ó yẹ kí á lè ṣírò bí yóò ṣe wà lọ́la.

Ọ̀rọ̀ dùn ún sọ. Ta ni yóò ṣe é? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lewis Fry Richardson ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọdún 1881 ni wọ́n bí i. Ìjọ Quaker ló ń lọ, kò sì gbà láti gbé ìbọn. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó ń bá wọn fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á jókòó sórí òkìtì koríko gbígbẹ ní ibùdó ìsinmi, á máa ṣírò.

Báyìí ló ṣe é. Ó mú àwòrán ilẹ̀ apá kan Yúróòpù, ó fa ilà sí i lóròó àti ní ìbú, ó wá dà bí ojú pátákó dráfù. Ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Ó tún pín afẹ́fẹ́ sí ìpele márùn-ún, láti ilẹ̀ lọ sókè, bí ilé alájà márùn-ún. Àpótí kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò kan, ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò yìí ń jò sínú ara wọn. Ohun tó bá kúrò nínú ọ̀kan, inú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń lọ.

Ọjọ́ tó yàn ni ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1910. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti rán àpò ńláńlá tó ń fò, tí wọ́n ń pè ní bàlúùnù, lọ sókè ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù láti wọn afẹ́fẹ́. Ọjọ́ náà ti kọjá, nítorí náà àwọn ènìyàn ti mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ẹ rí i pé àyẹ̀wò kẹta ló ń múra sílẹ̀ fún. Ó fẹ́ ṣírò bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò ṣe yí padà láàárín wákàtí mẹ́fà péré níbì kan ní Jámánì.

Ìṣirò wákàtí mẹ́fà yìí gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, nígbà tí ogun gbóná ní Champagne, ìwé tó kọ gbogbo rẹ̀ sí sọnù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n tó rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọdún 1922, ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ni ìdáhùn rẹ̀? Ó ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi mílíbáà 145 lọ sókè. Mílíbáà ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Gbogbo ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ létí òkun kò ju nǹkan bíi 1,013 lọ. Kí ó fi 145 gòkè ní wákàtí mẹ́fà, kò ṣeé gbọ́ sétí. Ní ọjọ́ náà gan-an, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá.

Ìṣirò náà wọ́, ó sì wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Richardson kò fi pamọ́. Ó tẹ ìdáhùn náà sínú ìwé rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i, ó sì kọ bó ṣe dé ibẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí pé kò fi pamọ́, àwọn tó tẹ̀ lé e rí ibi tí ọ̀nà ti wọ́.

5. IBI TÍ Ọ̀NÀ TI WỌ́

Òfin tí Richardson lò dára. Ibi méjì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Èkíní, àwọn nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Níta, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àti fífẹ́ rẹ̀ jọ ń rìn bíi tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọ̀n wọ́n lè ṣì wọ́n díẹ̀. Àṣìṣe díẹ̀ yẹn dà bí òkò tí a sọ sínú odò. Ìgbì á dìde, á máa sáré káàkiri.

Èkejì, ó wo bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú kan náà tí ìgbì ń dà á láàmú, ó sì sọ ọ́ di ti wákàtí mẹ́fà. Ẹ rántí ọ̀gbẹ́ni tó ní ìkòkò á gbẹ ní wákàtí mẹ́wàá. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, Peter Lynch, ọ̀mọ̀wé ará Ireland, tún ìṣirò yìí ṣe. Ó kọ́kọ́ pẹ̀tù sí àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, kí ìgbì náà lè rọlẹ̀. Òfin kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìyípadà tó rí kò tó mílíbáà kan.

Ní ọdún 1928, àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta ní Jámánì, Courant, Friedrichs àti Lewy, ti ṣàlàyé bí ìṣísẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kúrú tó. Ní ṣókí, ohunkóhun tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ fo odidi àpótí kan kọjá nínú ìṣísẹ̀ kan. Bí àpótí bá fẹ̀ tó kìlómítà 200, tí ìjì sì ń rin kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìṣísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ṣùgbọ́n ìgbì kan wà tó ń sáré tó kìlómítà 1,200 ní wákàtí kan. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú ìṣirò, ìṣísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá rú òfin yìí, nọ́ńbà rẹ̀ á máa wú bí ẹ̀kọ tó ń hó, títí yóò fi bo gbogbo bébà.

6. BÍ WỌ́N ṢE MÚ IṢẸ́ NÁÀ YÁ

Àpótí kékeré ń jẹ́ kí a rí nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Bí a bá dín gígùn àti ìbú àpótí kù sí ìdajì, àpótí mẹ́rin ni yóò dípò ọ̀kan. Òfin ìṣísẹ̀ sì ní kí a dín ìṣísẹ̀ náà kù sí ìdajì. Mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́jọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe ní wákàtí kan yóò wá gba wákàtí mẹ́jọ. Báwo ni wọ́n ṣe wá mú un yá?

Ọ̀nà kìíní ni kí á pín iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Richardson fọkàn yàwòrán gbọ̀ngàn ńlá kan, tí ènìyàn 64,000 jókòó sí, tí kálukú ń ṣírò apá tirẹ̀ nínú ayé, tí ó sì ń fi ìdáhùn han aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀gá kan dúró láàárín. Bí apá kan bá ń sáré ju àwọn yòókù lọ, á tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú sí wọn. Bí apá kan bá ń rẹ̀yìn, á tan iná búlúù sí wọn. Wọn kò kọ́ gbọ̀ngàn náà rí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké ló wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú apá tirẹ̀ nínú ojú ọ̀run. Bí ọ̀kan bá lọ́ra, gbogbo wọn ló ń dúró dè é. Nítorí náà, ẹni tó ń pín iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pín in kí ó dọ́gba.

Ọ̀nà kejì ni kí á fi ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ní ọdún 1950, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, Jule Charney, Ragnar Fjørtoft àti John von Neumann lo kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ENIAC. Ó tóbi ju ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, gílóòbù inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 18,000. Charney ronú pé ìgbì tó ń sáré yẹn kì í rọ òjò, kì í sì í gbé ìjì wá. Ó kọ òfin náà lọ́nà tí ìgbì yẹn kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìgbì kò sí, ìṣísẹ̀ lè gùn. Dípò ìṣẹ́jú, wọ́n gbé ìṣísẹ̀ wákàtí kan, àní títí dé wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 gba ẹ̀rọ náà tó wákàtí 24. Agbára káká ló fi bá ojú ọjọ́ dọ́gba nínú eré ìje. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ náà jọ òtítọ́. Richardson ṣì wà láàyè. Wọ́n fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ sì dùn. Ọdún 1953 ló kú.

Ní ọdún 2008, Peter Lynch àti Owen Lynch gbé ìṣirò ENIAC yìí sínú fóònù alágbèéká kan. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ọ̀nà kẹta ni kí á lo àpótí kéékèèké síbi tí ó yẹ nìkan. Ẹni tó ń ro oko kì í fi ọkọ́ kékeré ro gbogbo igbó. Ìdí iṣu ló ń rọra ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lo àpótí ńlá fún òkun tó jìnnà, tí wọ́n sì ń lo kékeré fún agbègbè tí àsọtẹ́lẹ̀ kàn.

7. ÌYÀTỌ̀ KÉKERÉ TÓ DI ŃLÁ

Bí a bá ní kọ̀ǹpútà tó yára bí mànàmáná, ṣé a lè mọ òjò ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀? Rárá o. Edward Lorenz ló fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ní ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Lorenz ń fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣe ìṣirò tó fara wé ojú ọjọ́. Ó fẹ́ tún apá kan rẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ jẹ́ 0.506127. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí bébà ni 0.506. Ti orí bébà ló tẹ̀ wọlé. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ó jáde lọ mu kọfí. Nígbà tó padà dé, ìdáhùn tuntun kò jọ ti àtijọ́ mọ́ rárá. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n sì jọ rìn díẹ̀, kí wọ́n tó pínyà pátápátá. Ní ọdún 1963, ó tẹ ìwé jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ fi wé ìkòkò wa. Bí ẹ bá fi ife 101 bẹ̀rẹ̀ dípò 100, ìyàtọ̀ ife kan yẹn á máa kéré sí i. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ife lọ. Ìkòkò ń dárí àṣìṣe jì ni. Afẹ́fẹ́ kì í dárí jì. Àṣìṣe kékeré òní, ọmọ ló ń bí. Nítorí náà ni ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò àfarawé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé: irú èwo ni tèmi, ti ìkòkò àbí ti afẹ́fẹ́?

8. DÍPÒ Ọ̀KAN, ÀÁDỌ́TA

Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́jú ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1987, ìjì líle kọ lu gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn 18 kú ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, igi tó wó sì tó mílíọ̀nù 15. Àwọn tó ń sọ nípa ojú ọjọ́ ti rí i pé ìjì lè wà lójú òkun, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó yẹ fún àwọn ará ilé kò dé bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ìṣirò ọjọ́ yẹn wò, wọ́n rí i pé bí a bá yí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀, àwọn ìdáhùn kan gbé ìjì líle wá, àwọn mìíràn kò gbé e wá. Ewu náà wà nínú ìṣirò. Àwọn tó wo ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè rí i.

Láti oṣù kejìlá ọdún 1992, wọ́n yí ọwọ́ padà ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Dípò kí wọ́n ṣe ìṣirò kan, wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀, wọ́n sì ń yí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà níwọ̀n tí àṣìṣe òṣùwọ̀n lè tó. Iléeṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Reading, ń ṣe 51. Bí 45 nínú 51 bá ní òjò, ọ̀rọ̀ náà lágbára. Bí ó bá jẹ́ 25, ó di ọ̀rọ̀ àìdánilójú. Bí ó bá jẹ́ 5, òjò lè má rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò lè ba nǹkan ńlá jẹ́ fún kò gbọdọ̀ fojú fo 5 náà.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé wọn kò parọ́? Ẹ kó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sọ pé òjò á rọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jọ. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ 100, ó yẹ kí òjò ti rọ̀ ní nǹkan bí 80 nínú wọn. Bí ó bá rọ̀ ní 40 péré, àwọn oníṣirò náà ń fọ́nnu ni. Àyẹ̀wò kẹta náà nìyẹn: ẹ lọ wo ìkòkò.

9. NÍ ILẸ̀ TIWA

Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NiMet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ló ń sọ nípa ojú ọjọ́. Lọ́dọọdún, ó máa ń sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó lè dáwọ́ dúró ní agbègbè kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè bèèrè pé, "Kí ló dé tí wọ́n ní òjò á rọ̀, tó sì rọ̀ ní abúlé kejì, tí kò kán sí tiwa?" Ẹ rántí àpótí. Òjò tiwa, èyí tó ń bá ìjì àti àrá wá, sábà máa ń ṣú láàárín wákàtí díẹ̀, ibi tí ó sì bo lè má ju kìlómítà díẹ̀ lọ. Bí ìkùukùu bá kéré ju àpótí lọ, ìṣirò kò lè rí i. Ó kàn ń fojú bù ú ni. Bákan náà, ibi tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́ kò pọ̀ tó ní Áfíríkà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò kì í péye tó. Ohun méjèèjì yìí ni ó mú kí àsọtẹ́lẹ̀ òjò ṣòro níhìn-ín ju ti àwọn ilẹ̀ olótùútù lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ẹ má sọ pé, "Wọ́n ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní gbọ́ tiwọn mọ́." Ẹ má sì sọ pé, "Rédíò ti sọ ọ́, ó di dandan." Bí ẹ bá gbọ́ pé òjò "lè" rọ̀, ọ̀rọ̀ "lè" yẹn ní ìwọ̀n. Ẹ bèèrè bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ gba ti ọ̀la gbọ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan nílé, kí ẹ máa kọ ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí ẹ fojú rí sínú rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ẹ ó mọ ìwọ̀n tí ẹ lè gbà wọ́n gbọ́ dé ní abúlé yín, ẹ ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ fi irúgbìn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Ohun mẹ́ta wo ni ìṣirò àfarawé ń fẹ́?
2. Ìkòkò kan gba ife omi 200. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ń jò ní wákàtí kan. Ife mélòó ni yóò kù lẹ́yìn wákàtí méjì, bí ẹ bá ń gbé ìṣísẹ̀ wákàtí kan?
3. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan tó gba wákàtí méjì. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?
4. Kí ló mú kí ìdáhùn Richardson wọ́? Kí nìdí tí ìwé rẹ̀ fi wúlò síbẹ̀?
5. Kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò 51 dípò ọ̀kan?
6. Ẹ kọ ohun tí rédíò sọ nípa òjò ọ̀la sílẹ̀. Lọ́la, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.